Bí A Ṣe Ń Yan Báárò Tí Yóò Gbé Ẹrù Apẹja Kọjá Lórí Ilẹ̀ Tí Kò Tẹ́jú

Kí ẹ tó mú owó lọ sí ọjà láti ra báárò tí ẹ ó fi máa kó àwọ̀n, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi àti kẹ́ẹ̀gì epo, ẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí báárò náà yóò máa gbà, láti ibi tí mọ́tò ti ń já ẹrù sílẹ̀ títí dé ibi tí ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sí. Ẹ wo bí iyanrìn ṣe jìn tó, ẹ wo ibi tí òkúta ti yọrí, ẹ wo ibi tí ọ̀nà ti fún tí koríko sì ti bò ó. Ẹ ṣàkíyèsí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹ ó gùn nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀, nítorí ìgbà náà ni àwọ̀n ti mu omi, tí ẹja ti kún abọ́, tí ó sì ti rẹ ènìyàn. Báárò tí ó dára níbi ìkọ́lé lè má wúlò rárá létí òkun. Èmi fúnra mi ra ọ̀kan tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín nítorí pé páànù rẹ̀ nípọn, ó sì rì sínú iyanrìn ní ọjọ́ àkọ́kọ́ débi pé orí ni a fi ru àwọ̀n náà délé.

Ilẹ̀ ló ń yan báárò, ilẹ̀ kò sì rí bákan náà. Ní Gbẹ̀rẹ̀fú ní Àgbádárìgì, ẹni tí ó bá ti rékọjá ọ̀sà ṣì ní láti rin orí iyanrìn kí ó tó dé etí òkun, ohun tí ó sì nílò níbẹ̀ ni táyà tí ó fẹ̀. Létí adágún dáàmù bíi ti Aṣẹ́jìrẹ́ lórí odò Ọ̀ṣun tàbí ti Ìkéré lórí odò Ògùn, omi máa ń fà sẹ́yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀nà tí apẹja yóò rìn á sì gùn sí i lórí ilẹ̀ tí omi fi sílẹ̀; ohun tí a nílò níbẹ̀ ni táyà tí ó ga, tí ó lè gun orí òkúta láìdúró gbọin. Ní ti ẹrẹ̀ àbàtà irú ti àgbègbè Ìlàjẹ, mi ò ní tan yín: kò sí báárò tí yóò ṣe é dáadáa, ó sàn kí ẹ to pákó sílẹ̀ tàbí kí ẹ fi ọkọ̀ kékeré fa ẹrù náà.

Táyà ni kí ẹ náwó lé lórí jù. Nọ́ńbà tí ẹ ó rí lára ọ̀pọ̀ táyà báárò ni 4.00-8, èyí tí ó túmọ̀ sí pé táyà náà fẹ̀ tó ínǹṣì 4, tí rímù rẹ̀ sì jẹ́ ínǹṣì 8 láti etí kan dé èkejì. Fún ilẹ̀ líle àti òkúta, irú èyí tó. Fún iyanrìn rírọ̀, ẹ wá èyí tí ó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé bí táyà bá ṣe fẹ̀ tó ni ìwúwo ẹrù ṣe ń tàn ká orí ilẹ̀ tó, tí kò sì ní gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀. Ẹ tún lè dín afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kù díẹ̀ kí ẹ tó wọ iyanrìn, kí táyà lè tẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó gba ọ̀nà olókùúta, nítorí pé táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó máa ń jẹ́ kí òkúta fún túùbù mọ́ rímù títí yóò fi bẹ́. Àwọn kan fẹ́ràn táyà rọ́bà tí kò ní afẹ́fẹ́ nítorí ẹ̀gún. Lóòótọ́, ẹ̀gún kò lè dá a dúró, ṣùgbọ́n ó wúwo, gbogbo bí òkúta bá sì ṣe ń gbá a ni èjìká ẹni tí ń tì í yóò máa mọ̀ ọ́n lára. Túùbù ni èmi yàn, mo sì máa ń mú ohun èlò ìfẹ́táyà kékeré àti ohun tí a fi ń lẹ túùbù dání.

Ọ̀rọ̀ táyà kan tàbí méjì máa ń fa àríyànjiyàn. Táyà kan máa ń gba àárín òkúta méjì kọjá, ó sì ń rìn lójú ọ̀nà tóóró, ṣùgbọ́n apá yín ni yóò máa mú un dúró kí ó má ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Onítáyà méjì ń dá dúró, ó sì dára fún ẹrù tí ó ga lórí ilẹ̀ tí ó gbòòrò. Síbẹ̀, bí ọ̀nà bá dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, táyà kan yóò lọ sókè, èkejì yóò lọ sílẹ̀, gbogbo ẹrù yóò sì fẹ́ dojú dé. Ọmọlanke ńlá ni kí ẹ gbàgbé, àyàfi bí ọ̀nà yín bá jẹ́ ti mọ́tò.

Lẹ́yìn táyà, ẹ wo ibi tí ẹrù yóò jókòó sí, ohun tí ọ̀pọ̀ olùrà kì í bèèrè rárá. Bí láti àárín táyà dé ibi tí ọwọ́ ń dì mú bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 150, tí ẹrù 60 kílò sì jókòó sí àárín gbùngbùn rẹ̀, 30 kílò ni apá yóò gbé. Bí ẹ bá sún ẹrù kan náà síwájú títí yóò fi ku sẹ̀ǹtímítà 50 sí àárín táyà, 20 kílò péré ni yóò kù fún ọwọ́ yín. Ìdí nìyí tí mo fi ń yan báárò tí ọwọ́ rẹ̀ gùn, tí páànù rẹ̀ sì sún mọ́ táyà. Ẹ má ṣe kó gbogbo rẹ̀ sí iwájú pátápátá ṣá o, nítorí pé lórí ìsọ̀kalẹ̀ ó lè doríkodò, lórí iyanrìn sì ni táyà á rì. Bí iyanrìn bá jìn, ẹ yí padà kí ẹ máa fa báárò tẹ̀lé yín dípò kí ẹ máa tì í. Bí ẹ bá ń tì í, agbára yín ń tẹ táyà mọ́lẹ̀, bí ẹ bá sì ń fà á, ó ń gbé e sókè díẹ̀.

Ẹ mọ ìwúwo ohun tí ẹ ní. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n kọ 15 sí lára, ìyẹn iye agbára ẹṣin rẹ̀, máa ń sún mọ́ 40 kílò, èyí tí wọ́n kọ 40 sí lára sì máa ń lé ní 70 kílò. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí ó kún fún epo bẹntiróòlù yóò sún mọ́ 20 kílò. Bí ẹ bá gbé ẹ́ńjìnnì lé báárò, ẹ jẹ́ kí omi inú rẹ̀ kọ́kọ́ ro tán, kí orí rẹ̀ sì ga ju apá ibi tí abẹ̀bẹ̀ tí ń yí nínú omi wà lọ, kí omi tó kù má baà ṣàn wọ inú rẹ̀. Ẹ fi rọ́bà túùbù àtijọ́ dì í, nítorí pé ó máa ń fún, kì í sì í ha irin lára.

Omi iyọ̀ ni ọ̀tá báárò tí kì í sinmi. Ọ̀dà tí wọ́n kùn sórí irin lásán yóò bó níbi tí ẹrù bá ti ha á, ìpẹtà yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Irin tí wọ́n rì sínú síǹkì máa ń pẹ́ jù ú lọ, ó sì tọ́ kí ẹ fi owó kún un. Ẹ yẹ irin tí ó gba àárín táyà kọjá wò, ẹ bèèrè bóyá ó ní ojú ihò tí a lè ti gíríìsì wọlé, nítorí pé ibẹ̀ ni tèmi ti kọ́kọ́ há lẹ́yìn òjò ọdún kan. Omi tútù tí kò ní iyọ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ nígbàkúùgbà tí ẹ bá dé.

Ní ti páànù, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa inú rẹ̀ yí ká. Gbogbo orí bóòtù tí ó bá ha yín lọ́wọ́ ni yóò fa okùn àwọ̀n já. Ẹ ní kí wẹ́dà gé e tàbí kí ó fi ayùn irin rá a, kí ẹ sì tẹ́ àpò ìrẹsì sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó lu ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìsàlẹ̀, nítorí omi tí ó bá dúró sínú páànù jẹ́ ẹrù tí ẹ ń tì láìnídìí, kílò kan ni lítà kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bẹ òǹtajà kí ó yá yín àpò sìmẹ́ńtì kan, tí ó jẹ́ 50 kílò, ẹ gbé e sínú báárò náà, kí ẹ sì tì í kúrò lórí kọnkéré lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti rí gbágungbàgun. Ẹ dúró ṣánṣán, kí apá yín nà sísàlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ báárò bá ṣì ń gbá òkúta, ọwọ́ rẹ̀ kò bá gíga yín mu. Ẹ tẹ́tí sí i bóyá táyà ń dún tàbí ń mì sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ ní kí ẹni tí yóò máa bá yín lọ sódò náà tì í wò, pàápàá bí ó bá kúrú jù yín lọ, nítorí pé òun ni yóò tì í délé ní ọjọ́ tí ó bá rẹ̀ yín.