Ẹ Fi Àyè Sílẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Gbogbo Ẹni tó Jọ ń Lo Rìpítà Kan

Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń tan wokí-tokí àti bí wọ́n ṣe ń fi iná sí bátìrì rẹ̀. A kò ní tún ìyẹn sọ. Àṣìṣe kan ló ń ba iṣẹ́ rìpítà, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn wokí-tokí tó sì ń tún un tú jáde kí ó lè dé ọ̀nà jíjìn, jẹ́ níbi tí àwọn àgbẹ̀ àti onílé ti jọ ń lo ẹyọ kan: ẹnì kan kò ì tíì gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì tán, ẹlòmíràn ti tẹ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn á wá so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, ẹni tí iná ń jó oko rẹ̀ kò sì ní rí ibi tó máa gbà wọlé.

Rìpítà tó wà lórí òpó gíga yẹn ń gbọ́ lórí ìgbì kan, ó sì ń tú ohun tó gbọ́ jáde lórí ìgbì kejì lójú ẹsẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo ló lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹni méjì bá tẹ bọ́tìnì pọ̀, ẹni tí ìgbì rẹ̀ lágbára jù ló máa borí. Bí agbára wọn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ariwo lásán ni àwọn yòókù máa gbọ́. Àwọn méjèèjì kò tiẹ̀ ní mọ̀, torí wokí-tokí kì í gbọ́ nǹkan kan nígbà tí wọ́n bá ń fi í sọ̀rọ̀.

Òfin àkọ́kọ́ nìyí: bí ẹnì kan bá parí ọ̀rọ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 3. Ẹ fara balẹ̀ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Kò sí ọ̀rọ̀ tó yá tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè dúró de ẹ̀ta, àfi pàjáwìrì, pàjáwìrì gan-an la sì ń fi àyè náà sílẹ̀ fún.

Aago kan tún wà nínú rìpítà. Bí ohùn bá ń wọlé láìdáwọ́ dúró, yóò pa ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́ kí ó má baà gbóná jù. Ìṣẹ́jú 3 ni wọ́n sábà máa ń ṣètò rẹ̀ sí. Nínú ọ̀pọ̀ rìpítà, ìgbà tí ẹ bá gbọ́ “píì” lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ni aago náà padà sí òdo. Ẹni tó bá já lu ọ̀rọ̀ kí “píì” tó dún ń bá kíkà ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú lọ ni. Bí ẹni mẹ́rin bá ṣe bẹ́ẹ̀ léra, rìpítà lè gé ẹni karùn-ún lẹ́nu, àwọn ènìyàn á sì máa pariwo pé rìpítà ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ẹ kò dúró gbọ́ “píì” ni.

Bí a ṣe ń pè

Ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Bí ibẹ̀ bá dákẹ́, ẹ tẹ bọ́tìnì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 1, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó lanu. Ìdúró yẹn kì í ṣe eré. Rìpítà ní láti gbọ́ tóònù yín, ìyẹn ohùn àmì tí wokí-tokí ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀, kí ó tó ṣílẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ ṣáájú ìgbà náà ti sọnù. Nínú èdè wa, orí ọ̀rọ̀ ni “má” máa ń wà. “Ẹ má gba ọ̀nà odò” tí wọ́n bá gé lórí á di “gba ọ̀nà odò.” Ẹ fojú inú wo ẹni tó máa gbọ́ ìyẹn ní àkókò omíyalé.

Ẹ gbé ẹnu máìkì jìnnà sí ẹnu yín tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ sì gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí èémí má baà fẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ má pariwo; igbe kì í mú ohùn lọ jìnnà, ńṣe ló ń fọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí éríà, ọ̀pá orí wokí-tokí, dúró gbọọrọ. Bí ohùn yín bá ń já, ẹ sún ẹsẹ̀ kan tàbí méjì sí ẹ̀gbẹ́, ẹ tún un sọ. Orúkọ ẹni tí ẹ ń pè ló ṣáájú, tiyín ló tẹ̀ lé e: “Oko Kejì, Ilé Kẹta ló ń pè yín.” Ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ. Bí ẹ bá parí, ẹ sọ pé “ó kàn yín” kí ẹ tó gbé ọwọ́.

Pàjáwìrì: ẹ wọ inú àyè ìṣẹ́jú àáyá 3 yẹn, ẹ sọ “pàjáwìrì” lẹ́ẹ̀mẹta, ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi tó wà, iye ènìyàn tọ́rọ̀ kàn. Gbogbo ẹni yòókù á gbé ọwọ́ kúrò. Kò sí “ẹ pẹ̀lẹ́ o,” kò sí “kí ló ṣẹlẹ̀?” láti ẹnu ogún ènìyàn. Alábòójútó rìpítà nìkan ló ń dáhùn, òun náà ló máa sọ ìgbà tí ó parí.

Ẹ má fi iná rìpítà ṣòfò

Ká ní bátìrì rẹ̀ jẹ́ fóòtì 12, áńpù-wákàtí 100, irú olómi. Ìdajì rẹ̀ nìkan ló dáa kí a lò, ìyẹn 50. Ká ní ó ń gba áńpù 0.5 nígbà tó bá ń tẹ́tí, 8 nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Òru wákàtí 12 ti jẹ 6 nínú rẹ̀ láìsí ẹni tó lanu. Èyí tó kù kò ju bíi wákàtí 5 àbọ̀ ọ̀rọ̀ lọ. Wákàtí 2 ìtàkúrọ̀sọ ìrọ̀lẹ́ á gbé 16 lọ. Bí òòrùn kò bá ràn fún ọjọ́ méjì, sólà kò ní rí i dá padà. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára tiyín, kí ẹ fi ṣe ìṣirò náà.

Nítorí náà, ẹni méjì tó lè gbọ́ ara wọn láìsí rìpítà, kí wọ́n yí sí ìkànnì tààrà. Àwọn tó sì máa ń tẹ bọ́tìnì láìsọ̀rọ̀ kí wọ́n lè gbọ́ “píì,” ẹ jáwọ́. Rìpítà á ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lẹ́yìn ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá ń gbọ́ àwọn ẹlòmíràn ṣùgbọ́n tí rìpítà kò dá yín lóhùn, ẹ yẹ tóònù wò (bí àpẹẹrẹ, 88.5 Hz kì í ṣe 100.0), lẹ́yìn náà àlàfo tó wà láàárín ìgbì méjèèjì. Ohùn tó ń fọ́ tàbí tó ń já nígbà tó bá ròkè lè jẹ́ pé fífẹ̀ ìkànnì tiyín wà ní 25 kHz nígbà tí ti rìpítà wà ní 12.5. Bí rìpítà bá sì dákẹ́ fún gbogbo ènìyàn, tí “píì” kò dún mọ́, ẹ má tíì ránṣẹ́ pe oníṣẹ́. Ẹ wá ẹni tó jókòó lé wokí-tokí rẹ̀. Bọ́tìnì kan tó há lábẹ́ àga ọkọ̀ lè ti gbogbo àdúgbò mọ́lé. Kí kálukú pa tirẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ wá tan án lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.

Gbogbo ayé ló ń gbọ́ yín. Ẹ má sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni nílé, ẹ má sọ ibi tí owó wà. Bí ó bá jẹ́ ìwé àṣẹ àwọn aṣerédíò-fún-ìfẹ́ ni rìpítà náà ń lò, òwò kò gbọdọ̀ wáyé lórí rẹ̀ rárá, ìbáà ṣe iye tí ẹ fẹ́ ta àpò àgbàdo kan.

Ẹ máa pe orúkọ gbogbo ilé lórí rìpítà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ilé 30, ìṣẹ́jú àáyá 10 fún ìdáhùn, 3 fún àyè: ìṣẹ́jú 6 àbọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí wọ́n pè lẹ́ẹ̀mejì tí kò dáhùn, kí aládùúgbò rẹ̀ lọ wo wokí-tokí náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bátìrì tó ti kú ni wọ́n sábà máa ń bá níbẹ̀.