Bí a ṣe lè ṣe búrẹ́dì nílé fún ìgbà àkọ́kọ́

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa ṣe búrẹ́dì nílé kò gbọ́dọ̀ fi ti Agége díwọ̀n tirẹ̀, nítorí ẹ̀rọ onírin tí wọ́n fi ń tẹ ìyẹ̀fun pípò ní àtẹ̀túntẹ̀ nílé iṣẹ́ ni ó ń jẹ́ kí búrẹ́dì yẹn ki, kí ó sì máa fà. Ọwọ́ nìkan ni a ní nílé, ọwọ́ sì tó.

Ẹ wọn 500 gíráàmù fúláwà, 50 gíráàmù ṣúgà, 40 gíráàmù bọ́tà, 8 gíráàmù iyọ̀, 300 mílílítà omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, àti 7 gíráàmù yíìsì gbígbẹ, irú ohun tí Bíbélì Yorùbá ń pè ní ìwúkàrà. Omi yìí gan-an ni ó ń da iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn rú. Bí ìka yín kò bá lè dúró nínú rẹ̀, yóò pa yíìsì, búrẹ́dì kò sì ní wú títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ da yíìsì àti ṣíbí ṣúgà kan sínú omi náà fún ìṣẹ́jú 10. Bí kò bá hó bí ọṣẹ, ẹ dà á nù kí ó tó ba fúláwà yín jẹ́.

Bí ẹ bá ti po gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí bọ́tà wọlé kẹ́yìn, yóò máa lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ má ṣe bu fúláwà kún un. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, búrẹ́dì mi sì le bí òkúta. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tì í síwájú, ẹ ká a padà, ẹ yí i, kí ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 12 sí 15, títí tí ẹ ó fi lè fa díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ó tínrín débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá láìjá.

Ẹ bò ó sínú abọ́ tí ẹ fi òróró pa. Nínú ooru ọ̀sán Èkó, ó lè má tó wákàtí kan. Ní London nígbà òtútù, ó lè gba méjì. Kí ó wú di ìlọ́po méjì ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe aago. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ ká a bí ẹní sínú páànù, kí ó tún wú títí yóò fi yọrí díẹ̀ lókè etí páànù.

Ìṣẹ́jú 30 sí 35 nínú ààrò tí ó ti gbóná dé ìwọ̀n 180 lórí Sẹ́ẹ́síọ́ọ̀sì (180°C) yóò tó o. Ẹni tí kò ní ààrò lè gbé páànù sórí yanrìn nínú ìkòkò nínípọn lórí iná jẹ́jẹ́, kí ó sì dé e pa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí rẹ̀ kò ní pọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ búrẹ́dì náà kúrò nínú páànù, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ kan ìdí rẹ̀: bí ó bá dún bí ìlù, ó ti jinná. Ẹ jẹ́ kí ó tutù fún wákàtí kan kí ẹ tó gé e, bí òórùn rẹ̀ ti wù kí ó máa pè yín tó, nítorí ọ̀bẹ tí ó bá tètè wọ̀ ọ́ yóò bá inú rẹ̀ ní lílẹ̀ bí ẹ̀kọ.