Bí mo ṣe to sítáǹpù bàálù ogun jọ, àti gbàrọgùdù tí wọ́n tà fún mi

Ṣílè mẹ́rin péré ni gbogbo sítáǹpù mẹ́jọ tí wọ́n fi ṣe ìrántí Battle of Britain, ogun òfuurufú tí Gẹ̀ẹ́sì bá Jámánì jà ní 1940, jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé wọn jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1965. Mẹ́fà jẹ́ pẹ́nì mẹ́rin mẹ́rin, ọ̀kan jẹ́ sísì àti tọ́rọ́, ìyẹn pẹ́nì mẹ́sàn-án, ìkẹjọ jẹ́ ṣílè kan àti tọ́rọ́. Ẹ rò ó pọ̀, ṣílè mẹ́rin náà ni. Kò yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gba oorun lójú àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ó gbà á lójú mi, nítorí pé ẹnì kan tó ń ta sítáǹpù lórí íntánẹ́ẹ̀tì gba owó ojúlówó oríṣi kan lọ́wọ́ mi, ó sì kó oríṣi mìíràn ránṣẹ́ sí mi. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe kò le. Mo fẹ́ to ìtàn bàálù ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sínú álíbọ́ọ̀mù, láti orí sítáǹpù 1965 títí dé ti 2018 tí wọ́n fi sàmì ọgọ́rùn-ún ọdún RAF, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó jẹ́ tuntun kò fún mi ní wàhálà. Ti 1997 jẹ́ ti àwọn tó ya àwòrán tí wọ́n fi ṣe bàálù ogun: Reginald Mitchell tó ya Spitfire, Roy Chadwick tó ya Lancaster, Sydney Camm pẹ̀lú Hunter, àti àwọn méjì mìíràn. Ti 2018 ní Sopwith Camel, Hurricane, Vulcan, Lightning, Nimrod àti Typhoon. Wọ́n pọ̀ nílẹ̀, owó wọn kò ga, ẹni tó bá wá wọn á rí wọn. N kò ní fi wọ́n dá yín dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ti 1986, nítorí ọ̀rọ̀ kàn wá níbẹ̀. Márùn-ún ni, ọ̀gá ológun kan àti bàálù kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: Dowding àti Hurricane, Tedder àti Typhoon, Harris àti Lancaster, Portal àti Mosquito. Ẹni tó wà lórí ti 29 pẹ́nì, tòun ti bàálù DH9A, ni Hugh Trenchard, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní bàbá RAF. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ Yunifásítì Ìbàdàn, orúkọ rẹ̀ ló wà lára Trenchard Hall tẹ́ ẹ ti ṣe mátíríkúléṣọ̀n yín. Kí ọkùnrin yìí tó kọ́ bàálù wíwà ní 1912, orí ilẹ̀ wa ló ti ń ṣe ológun, láàárín 1903 sí 1910, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gúúsù Nàìjíríà, ó sì ga débi pé òun ni ọ̀gá wọn. Àwọn ọmọ ogun yẹn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń rán lọ bá àwọn ìlú ilẹ̀ Ìgbò tí kò fẹ́ tẹrí ba. Nígbà tó ṣe, ó di alága iléeṣẹ́ UAC láti 1936 dé 1953. Mo kọ gbogbo èyí sábẹ́ sítáǹpù rẹ̀ pẹ̀lú gègé dúdú. N kò lè lẹ ojú rẹ̀ mọ́ ìwé mi kí n sì dákẹ́ nípa ohun tó ṣe lọ́dọ̀ wa.

Lójú ewé kan náà ni mo kọ orúkọ Akin Shenbanjo sí. Ọmọ Nàìjíríà ni, inú bàálù Halifax ló ti ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, òun ló ń gba ìròyìn wáyà fún àwọn tí wọ́n jọ ń fò, wọ́n sì fún un ní DFC, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún àwọn akọni inú òfuurufú. Kò sí ojú rẹ̀ lórí èyíkéyìí nínú sẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí mo tò yìí. Mo fi àyè òfìfo sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ó wá ku ti 1965. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Oríṣi méjì ni sítáǹpù 1965 yìí. Láyé ìgbà náà, ilé ìfìwéránṣẹ́ ń lo ẹ̀rọ kan tó máa ń dojú lẹ́tà kọ ibì kan náà fúnra rẹ̀. Southampton ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Kí ẹ̀rọ náà lè mọ ibi tí sítáǹpù wà lára àpòòwé, wọ́n fi èròjà tí wọ́n ń pè ní phosphor fa ìlà sójú sítáǹpù, ìlà tí ojú lásán kì í sábàá rí. Agbègbè tí ẹ̀rọ bá wà ni wọ́n ń kó oní-phosphor lọ, níbi tó kù, sítáǹpù lásán ni wọ́n ń tà. Àwòrán kan náà ni, àwọ̀ kan náà, etí wọn rí gbágungbàgun bákan náà. Nínú káńtálọ́ọ̀gù Stanley Gibbons, nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ láti 671, ó parí sí 678, lẹ́tà p ló sì wà lẹ́yìn nọ́ńbà àwọn oní-phosphor. Lẹ́tà p kékeré yẹn ló ń mú owó gòkè.

Oní-phosphor ni mo fẹ́. Ẹni tó ń tà á kọ ọ́ gàdàgbà pé phosphor ni gbogbo rẹ̀, pé ọwọ́ kankan kò sì kàn án rí. Owó tó bù lé e jẹ́ ìlọ́po mélòó kan iye tí wọ́n ń ta sítáǹpù lásán. Mo san án.

Nígbà tó dé, mo gbé páálí tí wọ́n tò ó sí lọ sójú fèrèsé. Mo ń dà á síwá sẹ́yìn kí ìmọ́lẹ̀ lè fẹ̀gbẹ́ kàn án, nítorí ibi tí phosphor bá wà kì í dán tó ibi tó kù. N kò rí nǹkan kan. Mo kọ̀wé sí ọkùnrin náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Èsì tó fún mi ni pé ojú lásán kò lè rí phosphor, kí n lọ ra iná ultraviolet. Mo lọ ra iná kékeré tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù fi ń yẹ owó pọ́n-ùn wò. Nígbà tí mo tàn án sí i, páálí funfun tó wà lẹ́yìn sítáǹpù ń tàn bí aró tí oòrùn là sí, ṣùgbọ́n ìlà kankan kò hàn. Mo tún kọ̀wé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin yìí ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí mi, fọ́tò sítáǹpù mìíràn tó tẹ́ sórí irú páálí funfun bẹ́ẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ ń tàn yòò, ó ní ṣé n kò rí phosphor ni? Páálí ló ń tàn! Èròjà tí wọ́n fi ń mú kí bébà funfun ló ń tàn lábẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀, kò kan phosphor rárá. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí òwò yìí kò lè sọ pé òun kò mọ̀.

Ibi tí mo ti rí ìtura ni ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan níbí ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ará Ìjẹ̀bú, tó ti ń kó sítáǹpù jọ láti ìgbà tó ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ bá wọn. Wọn kò tiẹ̀ kọ́kọ́ wo sítáǹpù, iná ọwọ́ mi ni wọ́n gbà.

“Kí ni wọ́n kọ sí ara rẹ̀?”

“365 ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Owó ni wọ́n fi ń wò, àbúrò. Phosphor ayé ìgbà yẹn, 254 ló ń bá sọ̀rọ̀. Tó o bá fi ti ọwọ́ rẹ yìí wò ó títí ilẹ̀ ó fi mọ́, o ò ní rí nǹkan kan.”

Nọ́ńbà náà jẹ́ ti gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀, ní nanometer. Bó bá ṣe kéré tó ni agbára rẹ̀ ń le tó, èyí tó wà ní 254 sì lè ba ojú jẹ́. Ẹ̀gbọ́n fún mi ní awò láti fi bojú, àwọn náà fi tiwọn sí. Wọ́n fa kọ́tínnì, wọ́n pa iná yàrá. Mo fẹ́ gbé páálí náà sábẹ́ iná bó ṣe wà, wọ́n ní ó tì o, ọ̀rá tí wọ́n fi bo sítáǹpù ń dí irú ìmọ́lẹ̀ yìí lọ́nà. Wọ́n fi ẹ̀mú pẹlẹbẹ yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ́kọ́ mú sítáǹpù kan tó ní orí Ọbabìnrin, tó jẹ́ ti àwọn fúnra wọn, tí wọ́n mọ̀ dájú pé phosphor ni, wọ́n tan iná sí i. Ìlà náà yọ lójú ẹsẹ̀, ó dúró gbọnrangandan. Nígbà tí wọ́n pa iná, ó ṣì ń tàn díẹ̀ nínú òkùnkùn kó tó kú. Ìtànkù yẹn gan-an ni ẹ̀rí. Bébà funfun kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bí iná bá ti kú, tirẹ̀ náà ti kú.

Wọ́n wá gbé tèmi sábẹ́ rẹ̀. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó jẹ́ pẹ́nì mẹ́rin, òkùnkùn biribiri. Mo ti fẹ́ dìde, ẹ̀gbọ́n ní kí n dúró. Wọ́n gbé ti pẹ́nì mẹ́sàn-án sí i, ìlà yọ. Wọ́n gbé ti ṣílè kan àti tọ́rọ́ sí i, ìlà yọ. Ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe rèé: ó mú méjì oní-phosphor, ó fi mẹ́fà lásán kún un, ó pè é ní sẹ́ẹ̀tì phosphor pípé. Nígbà tí mo fi fọ́tò tí a yà han án, ó ní òun kọ phosphor, phosphor sì wà níbẹ̀, kí ni mo tún ń fẹ́? Èsì yẹn bí mi nínú ju jìbìtì náà lọ.

A fa ọ̀rọ̀ náà, kò yanjú, mo gbé e lọ bá àwọn tó ń mójú tó owó lórí ìkànnì tí mo ti rà á. Fọ́tò inú òkùnkùn ló gbè mí. Owó sítáǹpù padà, owó tí mo fi dá a padà sí i kò padà, ti iná ọwọ́ kékeré kò padà. Mo kà á sí olè jíjà títí di òní.

Orí tábìlì ìyá Òyìnbó kan ní ọjà sítáǹpù ni mo ti padà ra ojúlówó. Mo béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá mo lè fi iná yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sanwó. Inú wọn tiẹ̀ dùn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n fa aṣọ dúdú bò wá lórí. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló yọ ìlà. Owó tí wọ́n gbà kéré sí ti oníjìbìtì ọjọ́sí.

Ó sì yẹ kí ẹ rí i. Mẹ́fà tó jẹ́ pẹ́nì mẹ́rin ṣì so mọ́ra wọn, mẹ́ta lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀, àwòrán kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ohun tí wọn kò tíì ṣe fún sítáǹpù ìrántí rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. David Gentleman àti Rosalind Dease ni wọ́n ya wọ́n. Ọ̀wọ́ Spitfire wà níbẹ̀, awakọ̀ kan wà nínú Hurricane rẹ̀. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ṣóńṣó apá bàálù méjì péré lẹ ó rí, ti Spitfire àti ti Messerschmitt, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, ìyókù òfuurufú lásán. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ọwọ́ tó bá lè fi ṣóńṣó apá méjì sọ ìtàn ogun odindi, ọwọ́ oníṣẹ́ ọnà ni. Bàálù Jámánì tó ti fọ́ yángá náà wà níbẹ̀, Hurricane ń kọjá lókè rẹ̀. Swastika, àmì ẹgbẹ́ Hitler, tó wà lára bàálù Jámánì nínú sẹ́ẹ̀tì yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lọ́dún náà, nítorí pé ó wà lórí bébà kan náà pẹ̀lú orí Ọbabìnrin. Tony Benn, mínísítà tó ń mójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ nígbà náà, kò yí ìpinnu padà. Lójú tèmi, ó ṣe dáadáa. Ó yẹ kí ẹni tó ń wo sítáǹpù náà mọ irú ẹni tí wọ́n bá jà. Ti ṣílè kan àti tọ́rọ́ ni ilé ìjọsìn St Paul's, tí èéfín bàálù kọ gèrè gèrè sójú ọ̀run lórí rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra oní-phosphor, ẹ má gba fọ́tò tí wọ́n yà nígbà tí iná ń tàn. Ẹ ní kí wọ́n ya èyí tí iná ti kú, tí ìlà ṣì ń tàn, kí ó sì jẹ́ ti sítáǹpù kọ̀ọ̀kan, ẹ má gba ti méjì kí wọ́n fi ṣojú fún mẹ́jọ. Ẹ ka iye ọjọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdápadà kí ẹ tó sanwó, nítorí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ni kí wọ́n fi lẹ́tà dídùn fà yín títí ọjọ́ yóò fi kọjá. Bí ẹ bá sì máa ra iná, ẹ wo 254 lára rẹ̀, ẹ má ra awò ojú tó kéré.

Ẹ̀gbọ́n ti ní kí n mú àwọn sítáǹpù Nàìjíríà mi wá lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, àwọn náà fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò. Bí ẹnikẹ́ni lágbègbè Peckham bá ní sẹ́ẹ̀tì 1965 tí kò dá a lójú, kó sọ fún mi, màá bá a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Kó ti yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá kó tó dé.