Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí àwa ará Àjàṣẹ́ ń ṣe lórí ríra ọkọ̀ alágbára Amẹ́ríkà àtijọ́

Láti Sẹ̀mẹ̀ dé Kútọnu, páàkì ọkọ̀ okasíọ̀n ló kún ẹ̀gbẹ́ títì, torí náà ó ṣòro kí ẹ tó rí ọmọ Àjàṣẹ́ tí yóò gbà pé òun ò mọ ọkọ̀ rà. Ẹ gbé Corolla síwájú rẹ̀: á tẹ́tí sí ìró ẹ́ńjìnnì, á wo èéfín tó ń jáde nídìí rẹ̀, á sì dá iye lé e. Ìmọ̀ gidi ni. Àmọ́ tó bá di Mustang ọdún 1967 tàbí Dodge Charger ọdún 1969, irú àwọn tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní muscle car, ìmọ̀ yẹn nìkan ò tó. Corolla ń tà torí pé ó ń rìn. Charger àtijọ́ ń tà torí ohun tó jẹ́ lọ́jọ́ tó jáde nílé iṣẹ́: ẹ́ńjìnnì wo ni wọ́n fi sí i, jíà wo, àwọ̀ wo, kí ló sì kù níbẹ̀ lónìí. Inú nọ́ńbà àti ìwé ni ìdáhùn wà. Ọkọ̀ méjì lè jọra bí ìbejì, kí owó ọ̀kan ju ìlọ́po méjì ti èkejì lọ.

Àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni àwọn tí ọmọ tàbí àbúrò wọn ní Amẹ́ríkà ti ń fi fídíò gbànjo ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yẹn rèé o, ṣé kí n dá owó lé e?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fèsì.

Gbígba owó orí tẹlifíṣọ̀n ní iye ọjà

Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ilé gbànjo Mecum ta Mustang ọdún 1968 kan ní Kissimmee, ní Florida. Mílíọ̀nù 3.4 dọ́là ni òòlù bà lé, ìyẹn iye ìkẹyìn tí ẹnì kan dá kí wọ́n tó pa gbànjo rẹ̀ dé. Ọkọ̀ tí Steve McQueen, òṣèré Amẹ́ríkà, wà nínú fíìmù Bullitt ni, ìdílé kan náà ló sì tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá fi iye yẹn wọn Mustang 1968 mìíràn, òun nìkan ló ń tan ara rẹ̀ jẹ. Bákan náà ni Plymouth 'Cuda ọdún 1971 aláìlórùlé tó ní ẹ́ńjìnnì alágbára tí wọ́n ń pè ní Hemi, èyí tó ta ní mílíọ̀nù 3.5 dọ́là ní Seattle lọ́dún 2014. Nǹkan bíi mọ́kànlá péré irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ́dún náà. 'Cuda tó ní ẹ́ńjìnnì kékeré, tó sì ní òrùlé, kì í ṣe mọ̀lẹ́bí rẹ̀ bó bá di ọ̀rọ̀ owó.

Iye tó yẹ kí ẹ wò ni iye tí irú ọkọ̀ náà gan-an, tó wà ní ipò kan náà, ti tà ní àìpẹ́. Iye tí ẹnì kan kọ sára ọkọ̀ pé òun fẹ́ gbà kì í ṣe iye ọjà, ìrètí rẹ̀ ni. Ilé iṣẹ́ Hagerty ní ìwé iye tó pín ọkọ̀ sí ipò mẹ́rin: ipò 1 ni èyí tí wọ́n ń gbé lọ síbi ìdíje ẹwà, ipò 2 sún mọ́ ọn, ipò 3 ni èyí tó dára tí wọ́n ń wà, ipò 4 ṣì ń rìn ṣùgbọ́n àbùkù rẹ̀ hàn sójú. Gbogbo ẹni tó ń ta ọkọ̀ ló gbà pé tòun wà ní ipò 2. Ipò 3 ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Lórí Bring a Trailer, ibi gbànjo orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè rí àwọn gbànjo tó ti parí, ẹ sì lè rí àwọn tí ọkọ̀ kò tà nítorí pé owó kò dé ibi tí olọ́kọ̀ ń fẹ́. Ẹ má fo irú ìkẹyìn yìí. Ohun tí àwọn èèyàn múra tán láti san ló wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ dun olọ́kọ̀.

Gbígbàgbé owó tó ń tẹ̀lé òòlù

Ẹni tó ra Mustang McQueen ní mílíọ̀nù 3.4, mílíọ̀nù 3.74 ló san. Ilé gbànjo ńlá bíi Mecum àti Barrett-Jackson máa ń bu nǹkan lé iye tí òòlù bà lé, ìdá 10 nínú 100 sì ni ti ọkọ̀ yẹn. Lọ́jà Wàǹdó, ẹni tó tà ló ń fi èènì sí i. Níbẹ̀, ẹni tó rà ló ń san èènì. Lórí Bring a Trailer, ìdá 5 nínú 100 ni, ó sì ní ibi tí kì í kọjá. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ẹ gbà ní 40,000 dọ́là nínú gbọ̀ngán ti di 44,000 kó tó kúrò lójú kan. Lọ́wọ́ olówó rẹ̀ fúnra rẹ̀, 40,000 náà ni, kìkì owó ẹni tí ẹ rán lọ yẹ̀ ẹ́ wò ló kù.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà. Scottsdale tí Barrett-Jackson ti ń ṣe gbànjo rẹ̀ tó lókìkí jù wà ní Arizona, inú aṣálẹ̀, kò sí òkun nítòsí. Tírélà ni yóò gbé e dé èbúté, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá sí Kútọnu. Níbẹ̀ ni duwáànì yóò ti gba tiwọn, TVA 18% yóò sì tún gun orí iye ọkọ̀, owó ọkọ̀ ojú omi àti owó duwáànì pa pọ̀. Ẹ tún rántí pé euro ni sẹ́fà wa so mọ́, 655.957 fún euro kan, kì í ṣe dọ́là. Dọ́là lè gbówó lórí láàárín ọjọ́ tí ẹ dá owó àti ọjọ́ tí báńkì yín fi ránṣẹ́.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn ni pé kí wọ́n ṣe ìṣirò náà láti ẹ̀yìn wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí gbogbo sẹ́fà tí ẹ ní. Ẹ yọ ti duwáànì, bí transitaire yín bá ṣe sọ, ẹ yọ ti ọkọ̀ ojú omi, ti tírélà, ti ilé gbànjo, kí ẹ sì fi nǹkan sílẹ̀ fún táyà, bíréèkì àti okùn iná. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ibi tí ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ ti sọ̀kalẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún àbúrò yín tó jókòó síbẹ̀, torí pé inú gbọ̀ngán gbànjo, ariwo wà, ọtí wà, àwọn òṣìṣẹ́ ilé gbànjo sì wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n dúró sí i lọ́rùn, kí wọ́n sọ pé ẹ̀ẹ̀kan sí i péré ló kù.

Fífi owó ojúlówó ra ẹ̀dà

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Pontiac GTO, tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òun ló bẹ̀rẹ̀ irú ọkọ̀ yìí, jáde lọ́dún 1964. Àfikún ni ó jẹ́ nígbà náà: ẹ ra LeMans, ẹ sì san owó sí i kí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì V8 389 (onípísítìnnì mẹ́jọ; 389 ni ìtóbi rẹ̀ ní cubic inch) àti àwọn nǹkan mìíràn sí i. Nítorí èyí, nọ́ńbà sásì ọkọ̀ ọdún 1964 àti 1965 kò lè sọ fún yín bóyá GTO ni tàbí LeMans lásán. Láti 1966 ni nọ́ńbà GTO ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 242. Ẹni tó bá ní LeMans 1965 lè ra àmì GTO kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lọ́sàn-án kan. Ohun tí yóò tú u fó ni ìwé láti ọ̀dọ̀ Pontiac Historic Services, tí wọ́n ní ẹ̀dà ìwé ilé iṣẹ́ lọ́wọ́.

Chevrolet Chevelle ṣe é ní òdìkejì. Láti 1966 dé 1968, nọ́ńbà SS 396, irú Chevelle tó lágbára, ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 138. Láti 1969, SS di àfikún, nọ́ńbà sì dákẹ́. Ti Camaro ọdún 1967 sí 1969, nọ́ńbà kò sọ ju bóyá ẹ́ńjìnnì onípísítìnnì mẹ́fà ló bá a wáyé, tàbí V8: 123 ni ti mẹ́fà, 124 ni ti V8. Tí wọ́n bá gbé "Z/28", irú Camaro alágbára tó jẹ́ V8, tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 123 wá bá yín, ẹ kí wọn pé ó dàárọ̀.

Ford àti Chrysler sàn díẹ̀ fún wa. Lẹ́tà karùn-ún nínú nọ́ńbà Mustang ló ń sọ ẹ́ńjìnnì: K ni 289 tó lágbára jù, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ẹṣin 271. Fún Ford ọdún 1967 sókè, ẹ lè ra Marti Report, tó wá látinú àkọsílẹ̀ Ford gan-an. Nínú ọkọ̀ Dodge àti Plymouth, tí Chrysler ṣe, ọdún 1970 àti 1971, R ní ipò karùn-ún ni Hemi 426. Ẹ wo irin pẹlẹbẹ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì náà, kí àwọn kóòdù orí rẹ̀ bá ti nọ́ńbà mu.

Ẹ ó máa gbọ́ pé nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì bá ti sásì mu. Láti 1968, ẹ́ńjìnnì GM (General Motors, tó ni Chevrolet àti Pontiac) ní díẹ̀ lára nọ́ńbà sásì tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn kan máa ń fi ẹ̀rọ họ ojú ibẹ̀, wọ́n á sì tẹ nọ́ńbà tuntun. Ojú irin tí ilé iṣẹ́ gé máa ń ní ìlà wẹ́wẹ́ tó tò tẹ̀lé ara wọn. Bí ibẹ̀ bá ń dán bíríkítí, tí kò sí ìlà kankan, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó. Àwọn Mustang àti Camaro tilẹ̀ ní wàhálà mìíràn: ara ọkọ̀ odindi tuntun wà lọ́jà fún wọn, torí náà ohun tó kù nínú "ọkọ̀ 1969" lè jẹ́ irin nọ́ńbà nìkan.

Mi ò bú ẹ̀dà o. Ẹni tó bá fẹ́ máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Adjarra ní ọjọ́ Sunday, ẹ̀dà tí wọ́n ṣe dáadáa sàn fún un ju ojúlówó tí yóò máa bẹ̀rù àtigbé jáde. Owó ẹ̀dà ni kó san, kó má san ti ojúlówó.

Gbígbàgbọ́ nínú ọ̀dà

Ọ̀dà tó ń dán lè bo mastic tó nípọn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ rán mú òòfà kékeré tó fi aṣọ wé, kó fi tọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti eteetí ibi táyà. Ibi tí òòfà bá ti jábọ́, kì í ṣe irin ló wà níbẹ̀. Mustang àwọn ọdún náà máa ń dógùn-ún lábẹ́ gíláàsì iwájú, omi á sì máa kán sórí ilẹ̀ ọkọ̀, torí náà kó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Òrùlé tí wọ́n fi awọ bò máa ń pa omi mọ́ sábẹ́. Ọkọ̀ tó gbé ní Arizona sàn ju èyí tó gbé ní Michigan, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín. Mítà rẹ̀ ńkọ́? Nọ́ńbà márùn-ún péré ló ní nínú ọ̀pọ̀ wọn. 34,000 lè jẹ́ 134,000.

Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tí kò tíì parí, tí wọ́n ní "díẹ̀ ló kù", ẹ fi sílẹ̀. Owó àtúnṣe máa ń ju iye tí ọkọ̀ yóò tà lẹ́yìn náà. Ra èyí tí ẹlòmíràn ti náwó sí tán.

Gbígbàgbé ibi tí ọkọ̀ ń bọ̀

Ẹni tí bàbá rẹ̀ wa Peugeot 404 lọ sí Sábẹ̀ẹ́ lè rò pé ọkọ̀ àtijọ́ ni ọkọ̀ àtijọ́. Chevelle ọdún 1970 tó ní ẹ́ńjìnnì LS6 454 ní ìfúnpọ̀ 11.25 sí 1, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ tó kí ó tó jó. Epo olójé tó le ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ bu kpayo sí i, á máa kàn gbà-gbà-gbà títí ohun kan á fi fọ́ nínú rẹ̀. GM dín ìfúnpọ̀ kù láti 1971, ọkọ̀ wọn ti 1971 àti 1972 sì rọrùn fún wa, wọ́n tún dínwó. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà agbára 1972 dẹ́rù bà yín jù: lọ́dún náà, ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn agbára yí padà, torí náà iye náà já wálẹ̀ ju bí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ṣe yàtọ̀ lọ.

Gbànjo tàbí ọwọ́ olówó rẹ̀?

Nínú gbọ̀ngán gbànjo, ẹ lè wo ọkọ̀, ẹ lè dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ẹ ò lè wà á. Bó ṣe wà ni ẹ ó ṣe gbé e. Èrò tèmi ni pé ẹni tó wà níbẹ̀ lójúkojú, tó ti yẹ ọkọ̀ wò lánàá, tó sì mọ irú rẹ̀, òun ni gbànjo tọ́ sí. Ẹni tó jókòó sí Àjàṣẹ́ tàbí Kétu, ọwọ́ olówó rẹ̀ ló sàn fún un, níwọ̀n bó bá ti rí ẹni tó mọṣẹ́ rán. Kì í ṣe àbúrò yín tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò mọ 389 yàtọ̀ sí 350. Ẹni tí ẹ rán gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó tan án. Bó bá ti gbóná ṣáájú, ẹnì kan ti ń fi ìṣòro òwúrọ̀ pamọ́.

Orúkọ ẹni tó ń ta ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀, kì í ṣe ti ẹni tó tà á fún un. Kí ẹ sì wò ó bóyá báńkì ṣì ní ẹ̀tọ́ sí i, tàbí bóyá wọ́n ti kọ ọ́ sórí ìwé pé ó ti ní jàǹbá rí.

Ìwé náà tún ṣe pàtàkì ní èbúté. Àwọn duwáànì Amẹ́ríkà fẹ́ rí ọkọ̀ àti ìwé rẹ̀ gidi, ó kéré tán wákàtí 72 kí ọkọ̀ tó lọ. Ilé gbànjo kì í sábà fi ìwé lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Ó lè pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti gba owó. Bí ọkọ̀ bá dé èbúté ṣáájú ìwé rẹ̀, owó ibi ìpamọ́ ni yóò máa gùn lójoojúmọ́. Kí ẹ tó gba àyè nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ ní kí àbúrò yín béèrè lọ́wọ́ wọn, ọjọ́ wo gan-an ni ìwé yóò jáde.