Bí mo ṣe tú irin àti síńkì inú àgbàdo sílẹ̀

Irin àti síńkì, èròjà tí ara nílò, wà nínú àgbàdo, àmọ́ phytic acid, èròjà mìíràn nínú hóró, so mọ́ wọn débi pé ìfun kì í rí púpọ̀ gbà nínú wọn. Ojú hóró, níbi tó ti ń hù, ni phytic acid pọ̀ sí jù. Àwọn kan máa ń yọ ojú náà dànù kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Mi ò rí èrè níbẹ̀, torí irin àti síńkì á bá a lọ.

Phytase ni ẹ́ńsáìmù tó ń tú ìdè yẹn. Ti àgbàdo kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n àlìkámà ní in dáadáa. Ìdí nìyẹn tí mo fi rẹ 100 gíráàmù àlìkámà fún wákàtí 12, mo da omi rẹ̀ nù, mo tẹ́ ẹ sórí aṣọ tó rin, mo sì ń ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ní ọjọ́ kẹta, èéhù rẹ̀ gùn tó hóró fúnra rẹ̀. Mo sá a sóòrùn. Mi ò yan án, iná á pa phytase. Bó bá jẹ́ ọkà bàbà lẹ lò, ẹ fọwọ́ ra èéhù àti gbòǹgbò rẹ̀ kúrò, torí èròjà tó ń di májèlé sáyánáìdì wà nínú wọn.

Mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo pò ó mọ́ 900 gíráàmù ìyẹ̀fun àgbàdo pẹ̀lú lítà 2 omi tó gbóná tó bí 50 dígírì, èyí tí ìka lè fara dà fúngbà díẹ̀. Omi híhó ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Mo bò ó fún wákàtí 24 títí ó fi kan díẹ̀. Kíkan yẹn gan-an ń ran phytase lọ́wọ́. Bí ojú rẹ̀ bá hu olú aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ osùn, gbogbo rẹ̀ ni kẹ́ ẹ dànù, ẹ má ha òkè rẹ̀ nìkan.

Inú omi tó ń hó ni mo rọra dà á sí, mò ń rò ó, mo sì sè é fún ìṣẹ́jú 15. Bí mo bá gbé e ka iná jẹ́jẹ́ láti tútù, amylase inú àlìkámà, ìyẹn ẹ́ńsáìmù tó ń tú sítáàṣì, ì bá sọ ọ́ di omi tòròtòrò. Fún ọmọ kékeré, ìyẹn gan-an dára: ẹ lè fi ìyẹ̀fun kún un láì jẹ́ kó ki jù.

Omi ọsàn mímu ni mo fi jẹ ẹ́, torí fítámì C ń jẹ́ kí irin tètè wọ ara. Mi ò dà á sínú ìkòkò, iná á bà á jẹ́. Tíì dúró di wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ, torí ó ń dí irin lọ́wọ́ láti wọ ara.