Bí A Ṣe Ń Tako Owó Agbẹjọ́rò Tí Báǹkì Dì Mọ́ Gbèsè Ilé Lẹ́yìn Tí Kóòtù Ti Da Ẹjọ́ Rẹ̀ Nù

Ní Amẹ́ríkà, bí báǹkì bá pe onílé lẹ́jọ́ láti gbẹ́sẹ̀ lé ilé rẹ̀ nítorí gbèsè, tí adájọ́ sì da ẹjọ́ náà nù, onílé lè rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, àfi ìgbà tó bá rí i nínú ìwé ìṣirò gbèsè rẹ̀ pé owó agbẹjọ́rò tí báǹkì ná lórí ẹjọ́ náà ti gorí owó tó jẹ. Adájọ́ lè da ẹjọ́ nù láì sọ ohunkóhun nípa ìnáwó báǹkì, ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó oṣooṣù á sì gbé ìnáwó náà lé onílé lórí, torí pé ìwé àdéhùn gbèsè sábà máa ń fún ayánilówó láyè láti gba owó agbẹjọ́rò tó bá mọ níwọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ kí owó náà kúrò ní láti tako ó fúnra rẹ̀.

Ìwé tí ẹ óò kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni èyí tí adájọ́ fi da ẹjọ́ nù. Ẹ wo bóyá ó fún báǹkì láyè láti tún ẹjọ́ náà gbé wá, kí ẹ sì wá ìdí tí ẹjọ́ fi ṣubú, nítorí ibẹ̀ gan-an ni agbára yín wà. Bó bá jẹ́ pé ẹ san gbogbo àjẹsílẹ̀ tàbí pé ẹ gba àtúnṣe àdéhùn ni báǹkì fi jáwọ́, ìwé àdéhùn sábà máa ń gbè é lẹ́yìn, ohun tó sì kù fún yín láti jiyàn lé lórí ni bóyá iye náà ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí báǹkì kò bá rí ẹ̀rí mú wá pé òun ló ni gbèsè náà, tàbí tí kò bá fi ìkìlọ̀ 30 ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn béèrè ránṣẹ́ kó tó lọ sí kóòtù, àṣìṣe tirẹ̀ ló dá ìnáwó sílẹ̀, ẹ sì lè sọ ọ́ gbangba pé irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ kò tọ́ sí yín.

Ìpínlẹ̀ tí ilé wà tún ṣe pàtàkì. Ní Florida, abala 57.105(7) nínú òfin ìpínlẹ̀ náà sọ pé bí ìwé àdéhùn bá fún ẹnì kan lẹ́tọ̀ọ́ sí owó agbẹjọ́rò, adájọ́ lè fún ẹnì kejì náà bó bá jàre. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2020 pé ẹ̀tọ́ yìí kò bọ́ lọ́wọ́ onílé tó jàre nítorí pé báǹkì kò tíì ní àṣẹ láti pè é lẹ́jọ́ lọ́jọ́ tó pè é. Gbèdéke rẹ̀ kúrú, nítorí 30 ọjọ́ péré ni òfin kóòtù Florida fún ẹni tó bá fẹ́ béèrè owó náà lẹ́yìn tí ẹjọ́ bá parí. Ní New York, abala 282 nínú òfin tó de ilé àti ilẹ̀ fún onílé tó ń gbé ilé rẹ̀ ní irú ẹ̀tọ́ kan náà. Lójú tèmi, ẹni tí báǹkì lè jẹ lówó kò yẹ kó máa bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣàánú òun.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó oṣooṣù náà, kì í ṣe pé kí ẹ pè wọ́n lórí fóònù, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu kì í mú kí ọjọ́ tí òfin fún wọn láti dáhùn bẹ̀rẹ̀. Àdírẹ́sì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìbéèrè àti àròyé ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí, kì í ṣe ibi tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sí, kí ẹ sì gba ìwé tó fi hàn pé ó dé ọwọ́ wọn. Ẹ kọ orúkọ yín àti nọ́ńbà gbèsè náà sínú rẹ̀, kí ẹ wá béèrè ìwé owó tí agbẹjọ́rò fún báǹkì, pẹ̀lú ọjọ́, iṣẹ́ tí ó ṣe àti wákàtí tó fi ṣe é. Ẹ béèrè ẹni tó ni gbèsè náà pẹ̀lú, nítorí bó bá jẹ́ Fannie Mae tàbí Freddie Mac, ilé-iṣẹ́ ńlá méjì tó ń ra gbèsè ilé lọ́wọ́ àwọn báǹkì, iye owó agbẹjọ́rò tí wọ́n fọwọ́ sí fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà ní gbangba, ẹ sì lè fi wé èyí tí wọ́n kọ fún yín.

Inú lẹ́tà kan náà ni ẹ ti lè sọ pé àṣìṣe ni owó náà, nítorí òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Regulation X ka owó tí kò ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání mọ́ àṣìṣe tí onílé lè tako. Ọjọ́ iṣẹ́ 5 ni wọ́n ní láti fi jẹ́wọ́ pé lẹ́tà dé, àti ọjọ́ iṣẹ́ 30 láti dáhùn, èyí tí wọ́n lè fi 15 kún bí wọ́n bá kọ̀wé sọ ìdí fún yín ṣáájú. Wọn kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ yín fún ìdáhùn.

Bí ìwé ìnáwó bá dé, ẹ fara balẹ̀ yẹ ẹ́ wò. Ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì, ìnáwó tí ó wáyé nígbà tí báǹkì pààrọ̀ agbẹjọ́rò, tí ẹni tuntun tún ka ìwé kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀, àti owó ìwé ìpè tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kò gbé ilé náà rí. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ tako, nítorí ẹni tó bá kàn ń sọ pé owó pọ̀ jù kò fún wọn ní nǹkan tí wọ́n lè yọ kúrò.

Nígbà náà ni ìdúnàádúrà tó bẹ̀rẹ̀. Ká ní $6,000 ni wọ́n kọ, tí $4,500 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹjọ́ tó ṣubú, ẹ lè sọ pé ẹ óò san ìyókù bí wọ́n bá pa $4,500 náà rẹ́ pátápátá. Ẹ ṣọ́ra fún gbólóhùn kan tó wọ́pọ̀ nínú ìwé ìfẹnukò, èyí tó sọ pé kí oníkálukú ru owó agbẹjọ́rò tirẹ̀. Ó dà bí ohun tó dára, àmọ́ bí wọn kò bá fi kún un pé báǹkì kò ní dì í mọ́ gbèsè, wọ́n lè sọ lẹ́yìn náà pé ìwé àdéhùn gbèsè ṣì fàyè gbà á. Ẹ má sì fọwọ́ sí àtúnṣe àdéhùn tó ti da owó náà pọ̀ mọ́ olú gbèsè, nítorí èlé yóò máa gùn ún fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ gbé ẹ̀sùn lọ sí CFPB, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oníbàárà àti owó, àti sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ sì bá lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ gbèsè ilé sọ̀rọ̀, pàápàá bí gbèdéke kóòtù bá ti ń sún mọ́lé. Bí wọ́n bá gbà, ẹ béèrè ìwé ìṣirò tuntun, kí ẹ yẹ ti oṣù tó tẹ̀ lé e wò pẹ̀lú, kí ẹ rí i pé owó náà kò padà wọlé lábẹ́ orúkọ mìíràn.