Bí Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Wa Ṣe Dé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ontario

Ní oṣù Keje ọdún 2024, dókítà ìdílé wa ní Brampton, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà, kọ lẹ́tà sí gbogbo àwọn tó ń tọ́jú pé àgbà ti dé sí òun, òun ń fẹ̀yìn tì, òun kò sì rí ẹni tí yóò gba ipò òun. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi tọ́jú èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa. Ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn ojoojúmọ́ ni ó sì ń lò. Láti ìgbà náà, bí oògùn rẹ̀ bá ti fẹ́ tán, àfi kí ó lọ tò ní kílíníìkì tí wọ́n ti ń gba ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, kí ó jókòó níwájú dókítà tí kò mọ̀ ọ́n rí, kí ó sì tún ìtàn àìsàn rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. A forúkọ wa sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń wá dókítà tuntun, a sì ń retí.

Níbi àríyá, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àti lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, ẹ̀dùn ọkàn kan náà ni mo ń gbọ́. Ní ọdún náà, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìdílé ní Ontario sọ pé àwọn tí kò ní dókítà ìdílé ní ìpínlẹ̀ náà ti tó mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀. Brampton tí à ń gbé, tí iye ènìyàn rẹ̀ ti ju 650,000 lọ nígbà ìkànìyàn ọdún 2021, ti ń pariwo tipẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ìgbìmọ̀ ìlú fúnra rẹ̀ kéde pé ọ̀rọ̀ ìlera níbẹ̀ ti di pàjáwìrì. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ẹnu dùn ún ròfọ́. Bí a bá ń sọ ọ́ láàárín ara wa títí ayé, kò sí ẹnì kan tí ó di dandan fún láti dá wa lóhùn. Ìyẹn ni mo ṣe pinnu pé n ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, n ó gba ìbuwọ́lùwé àwọn aládùúgbò mi, n ó sì rí i pé ó dé ibi tó yẹ kó dé.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo wádìí ẹni tó ni iṣẹ́ náà. Ó dùn mí bí ọ̀pọ̀ nínú wa kò ṣe mọ̀ ọ́n. Bí ènìyàn bá ti ní ìṣòro kan ní Kánádà, orúkọ olórí ìjọba àpapọ̀ ní Ottawa, olú ìlú Kánádà, ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu, bí ìgbà tí títì ìjọba ìbílẹ̀ bàjẹ́ l'Ọ̀ṣun tí a sì ń bú ààrẹ l'Abùjá. Òfin ìpìlẹ̀ Kánádà ti ọdún 1867 fi ilé ìwòsàn sí abẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní abala 92, ó sì fi ẹ̀kọ́ sí abẹ́ rẹ̀ ní abala 93. Ottawa ń fi owó ránṣẹ́ lóòótọ́, òfin ìlera ti ọdún 1984 sì ka ohun tí ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ pa mọ́ bí ó bá fẹ́ gba owó náà ní ẹ̀kún, pàápàá pé kí ó má ṣe jẹ́ kí wọ́n máa gba owó lọ́wọ́ aláìsàn fún ìtọ́jú tí ètò ìlera ìjọba ti san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí dókítà ń gbà, ibi tí a ó kọ́ ilé ìwòsàn sí, àti káàdì ìlera tó wà nínú pọ́ọ̀sì wa, ìjọba Ontario ló ni gbogbo rẹ̀. Ìwé ìrìnnà àti ìwé ìgbélùú ni ti Ottawa. Bọ́ọ̀sì àdúgbò àti kíkó yìnyín kúrò lójú títì ni ti ìlú. Nítorí náà, Queen's Park ní Toronto, níbi tí àwọn aṣòfin 124 ti ń jókòó, ni ọ̀rọ̀ wa ń lọ.

Mo lọ sí ọ́fíìsì aṣòfin kan ní àdúgbò láti béèrè bí a ṣe ń ṣe é. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ fi sùúrù ṣàlàyé. Orí bébà ni ìwé ẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Ìbuwọ́lùwé orí íntánẹ́ẹ̀tì kò wúlò fún Ilé yẹn, ẹ̀dà tí a fi ẹ̀rọ ṣe láti ara ìwé tí wọ́n ti buwọ́ lù kò sì wúlò pẹ̀lú. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ni a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí, kì í ṣe Doug Ford tó ti jẹ́ olórí ìjọba ìpínlẹ̀ láti ọdún 2018. Ó gbọ́dọ̀ béèrè ohun kan pàtó tó wà lábẹ́ agbára Ilé náà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà lórí gbogbo ewé tí àwọn ènìyàn buwọ́ lù, kí ó má baà dà bí ẹni pé ẹnì kan buwọ́ lu ohun tí kò rí. Akọ̀wé Ilé yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí aṣòfin tó lè gbé e kalẹ̀. Mo bi í bóyá àwọn tí kò tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè Kánádà lè buwọ́ lù ú. Ó ní olùgbé Ontario ni òfin náà ń béèrè. Inú mi dùn gan-an sí èyí, torí ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà lórí PR, ìyẹn ìwé ìgbélùú títí lọ, ń san owó orí, a kò sì lè dìbò. Ìwé yìí ni ọ̀nà kan tí ohùn wa fi lè wọ inú Ilé náà.

Síbẹ̀, mo ṣe àṣìṣe méjì. Èkíní, ewé àkọ́kọ́ nìkan ni mo tẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ náà sí, mo sì ti gba ìbuwọ́lùwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n sórí àwọn ewé tí kò ní àkọlé kí n tó rántí ohun tí ọmọbìnrin yẹn sọ. Mo padà sílé àwọn ènìyàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú òtútù oṣù Kejìlá, mo tọrọ gáfárà, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un ṣe. Èkejì ló tóbi jù. Ìbínú ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ náà. Mo kọ ọ́ pé ìjọba ti já wa kulẹ̀, àti pé kò bìkítà fún wa. Àwọn tí inú ń bí bíi tèmi buwọ́ lù ú kíákíá, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn tí wọn kò ní dókítà, tí ìyà náà ń jẹ, dá ìwé náà padà fún mi.

Ọ̀kan nínú wọn ni awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kan, ará Punjab, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ó ní Ford lòun dìbò fún, òun yóò sì tún dìbò fún un, nítorí ọ̀nà 413 tí ìjọba rẹ̀ fẹ́ là láti Milton kọjá sí Vaughan. Ó ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ 401 ni ayé òun ń tán sí, wákàtí tí òun ìbá fi wà pẹ̀lú àwọn ọmọ òun ni òun fi ń jókòó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Èmi kò fara mọ́ ọ̀nà náà, torí ilẹ̀ oko ni yóò gbà kọjá, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé. Ó ní, “Arábìnrin, bí ẹ bá béèrè dókítà, mo wà pẹ̀lú yín. Bí ẹ bá ní kí n bú ẹni tí mo yàn, mi ò ní ṣe é.” Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo fa gbogbo ìwé àkọ́kọ́ ya. Èyí tí mo kọ tẹ̀ lé e kò bú ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo ni ó béèrè: kí ìjọba máa kéde, ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, iye àwọn tí kò ní dókítà ìdílé ní ìlú kọ̀ọ̀kan, àti iye àwọn tí wọ́n ti bá rí ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ràn ìjọba lè buwọ́ lù ú, ẹni tó kórìíra rẹ̀ náà lè buwọ́ lù ú.

Mo rìn láti ilé dé ilé, mo sì ń tẹ́tí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko nípa òfin 124 ti ọdún 2019, tó ní owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ gòkè ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún fún ọdún mẹ́ta. Ilé ẹjọ́ fagi lé òfin náà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì ti ìdájọ́ náà lẹ́yìn ní ọdún 2024. Ẹ̀gbọ́n ní owó tí wọ́n san padà kò lè dá àwọn ọ̀rẹ́ òun tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ padà. Ìyá àgbàlagbà kan tó wá láti Jàmáíkà ní ọdún 1971 sọ fún mi pé kí n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn mí débi pé owó àpò ẹni ló yẹ kí a fi máa rí dókítà, torí òun ti rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkó-ẹrù-sí sọ fún mi nípa owó 200 dọ́là, ìyẹn sọ̀wédowó tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí gbogbo àgbàlagbà tó ń kọ owó orí sílẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ètò náà ná ìjọba ní bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Ó ní òun ti fi tirẹ̀ sanwó fóònù, ṣùgbọ́n òun ìbá fẹ́ kí wọ́n fi gba dókítà.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan wọ̀ mí lára jù. Ó wo ojú mi, ó ní àwa àlejò tí a ń wọ́ wá ni kò jẹ́ kí dókítà kárí. Mi ò bá a jà. Mo sọ fún un pé ẹni tó buwọ́ lu ìlà tó wà lókè ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà yẹn, dókítà ni ní Ìbàdàn fún ọdún mọ́kànlá, ẹrù ló ń dì báyìí ní Mississauga, ó ṣì ń kọ ìdánwò lórí ìdánwò kí wọ́n tó jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Kò tọrọ gáfárà, ṣùgbọ́n ó gba bírò lọ́wọ́ mi.

Bí a ṣe wà lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n tú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ká ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 2025, tí wọ́n sì fi ìdìbò sí ọjọ́ 27 oṣù Kejì. Lọ́jọ́ kan ṣáájú ìtúká náà, ìjọba kéde bílíọ̀nù 1.8 dọ́là fún ètò dókítà ìdílé, èyí tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ Dókítà Jane Philpott, tó ti jẹ́ mínísítà ìlera ní Ottawa rí. Kò sí Ilé tí a lè gbé ìwé wa síwájú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n n kò dáwọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ owó ibodè tí Amẹ́ríkà fẹ́ máa gbà lórí ọjà Kánádà ló gba gbogbo ẹnu lásìkò náà, ohun tí Ford sì sọ pé òun tìtorí rẹ̀ pe ìdìbò nìyẹn. Àwọn olùdíje tó kan ìlẹ̀kùn wa ni mo ń fi ìwé ẹ̀bẹ̀ náà hàn. Gbogbo wọn ló ṣèlérí dókítà. Ẹgbẹ́ Ford gba ìjókòó 80, àti gbogbo ìjókòó márààrún tó wà ní Brampton. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé nǹkan bí ìdá 45 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ló jáde, nígbà tí èmi àti irú mi ń ti ojú fèrèsé wò wọ́n.

Ilé tuntun jókòó ní àárín oṣù Kẹrin. Ìbuwọ́lùwé 417 ni a ní nígbà náà. Aṣòfin kan gbà láti gbé e kalẹ̀, Akọ̀wé Ilé sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó pé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Karùn-ún, èmi, ọkọ mi àti ìyá ará Jàmáíkà náà wọ ọkọ̀ ojú irin láti Brampton lọ sí Toronto, a sì wọ ti abẹ́ ilẹ̀ dé Queen's Park. Òkúta pupa rẹ́súrẹ́sú ni wọ́n fi kọ́ ilé náà, láti ọdún 1893 ni wọ́n sì ti ṣí i. Wọ́n yẹ àpò wa wò, a gòkè lọ síbi tí àwọn ará ìlú ń jókòó sí. Nígbà tó kan ìwé ẹ̀bẹ̀, aṣòfin náà dìde, ó sọ ohun tí a béèrè ní ṣókí, ó dárúkọ Brampton, ó buwọ́ lu ìwé náà, ó sì fi lé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń jíṣẹ́ nínú Ilé lọ́wọ́, kí ó gbé e lọ sórí tábìlì Akọ̀wé. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan. Ìyá náà di ọwọ́ mi mú títí ọmọ yẹn fi dé ìdí tábìlì.

Ìjọba gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọjọ́ 24 tí Ilé bá jókòó, kì í ṣe ọjọ́ 24 lórí kàlẹ́ńdà. Ilé sinmi ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, wọn kò sì padà títí di oṣù Kẹwàá, nítorí náà ìgbà ìkórè ni ìdáhùn tó tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ó ṣàlàyé ètò bílíọ̀nù 1.8 náà, àti pé wọ́n fẹ́ kí gbogbo olùgbé Ontario ní ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn ní ọdún 2029.

Mo tẹ ẹ̀dà rẹ̀, mo sì tún ilẹ̀kùn kàn. Awakọ̀ náà kà á, ó ní ọdún mẹ́rin kò pẹ́ bí wọ́n bá mú un ṣẹ. Ẹ̀gbọ́n mi nọ́ọ̀sì fi bírò fa ìlà sábẹ́ ọdún náà, ó ní kí n wá fi hàn òun nígbà tó bá pé. Ìyá ará Jàmáíkà, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, béèrè lọ́wọ́ mi pé ọmọ ọdún mélòó ni òun yóò jẹ́ ní 2029. A jọ ṣírò rẹ̀ nídìí tábìlì ìdáná rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè bóyá ìwé ẹ̀bẹ̀ mìíràn wà tí òun lè buwọ́ lù. Ó wà nínú àpò mi, ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ náà sì wà lórí ewé kọ̀ọ̀kan.